“Off”: ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ẹ má bínú, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ni. Ajílósùn ni mo wà níhìn-ín ní Adó-Èkìtì, iná sì ti lọ láti àárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ jèrè lónìí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo yọjú lójú fèrèsé, mo kígbe sí ẹ̀gbọ́n tó ni ẹ̀rọ náà pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi off gẹ́ẹ̀nì yẹn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré.” Wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo sí i ni, àwọn ò lè off ẹ̀. Ìyẹn ló rán mi létí pé ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: “off”.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ “off”? Ó wà lára swíìṣì, ó wà lára fóònù, ó wà lára fáànù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2022, nígbà tí “off” gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Àǹtí kan wà ní London tí mo ń bá ṣiṣẹ́ láti ilé. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀hún ni wọ́n bí wọn sí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ jù. Òróró irun àti òrí ni wọ́n ń tà, èmi ni mo ń bójú tó ìpolówó wọn lórí Facebook àti Instagram. Ìpolówó mẹ́rin ló ń lọ lọ́wọ́, ọjà sì ń tà dáadáa. A wá ṣe tuntun méjì tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Let’s put the ads off till Friday.”

Mo dá wọn lóhùn: “Okay ma.” Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo sì pa gbogbo ìpolówó, tuntun àti ti tẹ́lẹ̀. Ṣebí wọ́n ní kí n put off? Mo ti put off. Nílé wa, bí màmá mi bá ní “put off the light”, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. O máa dìde, o máa pa iná.

Ohun tí àǹtí ní lọ́kàn ni pé ká sún àwọn tuntun sí ọjọ́ Ẹtì. Wọn ò sọ pé kí n fọwọ́ kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń rajà mọ́. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kò burú, àwọn gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù parí, wọ́n san owó mi, wọn ò sì pè mí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba pọ́n-ùn rí, tí ẹ sì ṣẹ́ ẹ sí náírà, ẹ mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo kọ́kọ́ bínú sí wọn. Lẹ́yìn náà mo bínú sí ara mi. Nígbà tí ìbínú náà rọlẹ̀, mo jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè, torí mo fẹ́ mọ irú ọ̀rọ̀ tó ṣe mí báyìí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí bẹ̀rẹ̀. “Off” àti “of”, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, “of” ni wọ́n ń kọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “kúrò”, “kúrò lára nǹkan”. Nígbà tó yá, ibi tí wọ́n bá ti fi agbára pè é di “off”, ibi tí wọ́n bá ti pè é wẹ́rẹ́ ṣẹ́ kù sí “of”. Ó di lẹ́yìn ọdún 1600 kí bí wọ́n ṣe ń kọ àwọn méjèèjì tó yàtọ̀ dáadáa.

Òyìnbó máa ń fi ẹnu yà wọ́n sọ́tọ̀: “off” parí pẹ̀lú ìró f, “of” parí pẹ̀lú ìró v. Ṣùgbọ́n èdè tiwa kò ní v. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń pe méjèèjì bákan náà, tí a bá sì ń yára tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, à ń kọ “because off you” tàbí “off course”. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó kẹ́yìn yẹn. “Of course” ni “dájúdájú”. “Off course” ni pé ọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi ti ṣìnà. Ẹ wo oyè ọba ìlú wa níbí, “the Ewi of Ado”. Bí ẹ bá fi f kan kún un, ẹ ti yọ Kábíyèsí kúrò ní Adó nìyẹn. Kí adé pẹ́ lórí o, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀.

Ẹ di “kúrò” yẹn mú ṣinṣin. Nǹkan kan wà lára nǹkan mìíràn, ó wá kúrò lára rẹ̀. “The button came off”: bọ́tìnì já. “Take off your shoes”: bọ́ bàtà rẹ. “He fell off the okada”: ó já bọ́ lórí ọ̀kadà. “Get off at Fajuyi”: sọ̀kalẹ̀ ní Fájuyì. Ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Yorùbá ní já, ó ní bọ́, ó ní sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbé “kúrò” tirẹ̀ sínú. Òyìnbó ní tirẹ̀ máa ń mú ọ̀rọ̀ kékeré bíi come, take, fall, get, á wá so “off” mọ́ ọn nídìí kó lè bá a ṣe iṣẹ́ tó kù. Nítorí náà, kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ẹ lè fi rọ́pò “off”. Ẹni tó bá ń wá irú rẹ̀ á wá a tì.

Àwa náà ṣáà wá ọ̀kan fún un. Èyí tí a mú ni “pa”.

Èrò tèmi ni pé iná ló fà á. Ẹni tó bá dàgbà sí orílẹ̀-èdè yìí, ara swíìṣì ló ti kọ́kọ́ pàdé “off”. Bí iná bá dé, àwọn ọmọdé á pariwo “Up NEPA!” títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 ni NEPA ti di PHCN, tí wọ́n sì ti pín PHCN náà tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní 2013. Bí iná bá lọ ńkọ́? Ó ti off nìyẹn. Bí a ṣe ń sọ “pa iná” la ṣe sọ ọ́ di “off iná”. A mú “off” dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí “pa” ṣe ń dúró: off fóònù, off gẹ́ẹ̀nì, off AC. A tilẹ̀ ní off ṣẹ́ẹ̀tì. “On” náà kò gbẹ́yìn: “Ṣé o ti on ẹ̀?” Ní London, wọn kì í sọ ọ́ báyẹn. Wọ́n á ní “turn it off” tàbí “switch it off”, aṣọ ní tirẹ̀ “take it off”.

Mi ò sí lára àwọn tí ń fi irú Gẹ̀ẹ́sì yìí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ní òfin tirẹ̀, gbogbo wa ló sì ń gbọ́ra wa yé. Ibi tó ti ń di wàhálà ni tí ẹni tó wà ní òdìkejì fóònù kò bá dàgbà sí ilé tiwa. Pàápàá jù lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó fún ènìyàn. Ẹ wà nínú ìpàdé lórí Zoom, ariwo ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wá, ẹ pa máíkì rẹ̀, ẹ wá kọ ọ́ fún ọ̀gá yín òyìnbó pé, “I have offed him.” Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìgboro ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, “to off” ènìyàn ni kí ẹ gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tó ṣe mí. “Put off” ti àǹtí, kí ló kúrò, kí ló sì kúrò lára rẹ̀? Ìpolówó tuntun ló kúrò lára ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gbé e lọ sí ọjọ́ Ẹtì. Nǹkan náà wà láàyè, ọjọ́ rẹ̀ ló yí padà. Ohun tó yẹ kí n rí ni “till Friday” tó wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà fún “till Friday” ní ìtumọ̀ tirẹ̀: pa á, títí di ọjọ́ Ẹtì. Ṣé ẹ rí i pé mi ò ya òmùgọ̀? Gbólóhùn náà gba ìtumọ̀ méjèèjì. Àwọn òyìnbó kan náà ṣì ń sọ “put off the light”. Wọ́n kàn mọ̀ pé tí a bá dárúkọ ọjọ́ sí i, ọ̀rọ̀ sísún síwájú ló sábà máa ń jẹ́.

“Call off” kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni fífagi lé. Tí wọ́n bá ní “the interview has been put off”, ẹ ṣì lọ lọ ṣẹ́ẹ̀tì yín sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní “it has been called off” tàbí “the interview is off”, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ wá kíyè sí èyí: “I’m off on Monday” túmọ̀ sí pé mi ò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, bí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ẹ̀ṣọ́ wa náà ṣe máa ń sọ pé àwọn wà ní off. Ṣùgbọ́n “I’m off to Ibadan” ni pé mo ti fẹ́ gbéra, Ìbàdàn ni mò ń lọ. Iṣẹ́ ni mo kúrò lẹ́nu rẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́. Ibi tí mo wà ni mo ń kúrò nínú ti ìkejì. Tí wọ́n bá wá ní “the milk is off”, ẹ má wá swíìṣì kankan. Mílíìkì ti bàjẹ́ ni.

Èyí tó dà mí láàmú jù ni “go off”. “The light went off”: iná kú. “The alarm went off”: áláàmù dún! Ọ̀kan di òkùnkùn, ìkejì di ariwo. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan náà ṣe ń pa nǹkan, tó tún ń jí i? Ẹ fojú inú wo ẹ̀ṣọ́ ilé ìfowópamọ́ kan tí wọ́n fún ní ìwé òfin iṣẹ́, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “call the police if the alarm goes off”. Bí ó bá rò pé ìgbà tí áláàmù bá kú ni kóun tó pe ọlọ́pàá, àwọn olè á ti kó owó tán, á ṣì máa dúró kí ariwo náà dákẹ́.

Ohun tó là mí lójú ni ìbọn. Ọjọ́ pẹ́ tí òyìnbó ti ń lo “go off” fún ìbọn. Nǹkan kan ló há ìbọn mọ́, ẹnì kan fa nǹkan náà, ìbọn kúrò ní ìdè, ó dún. Áláàmù náà wà ní dídè títí àkókò rẹ̀ fi tó, ó wá já. Àwọn tó ń dẹ tàkúté lóko níhìn-ín á tètè gbọ́ èyí yé ju ẹlòmíràn lọ. Bí eku bá tẹ tàkúté, kí la máa ń sọ? A ní tàkúté ti ré. Bí èso bá sì já lórí igi, a ní ó ré bọ́. Ré kan náà! Yorùbá náà rí i pé ohun tó já kúrò lára igi àti ohun tó já kúrò nínú ìdè, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Ọjọ́ tí mo rí ìyẹn, inú mi dùn bíi pé wọ́n dá iṣẹ́ mi padà. Wọn ò dá a padà o.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àdírẹ́sì díẹ̀, torí àwọn tó ń gbé ọjà kiri lórí ọ̀kadà ń jìyà lórí èyí. Tí àdírẹ́sì bá ní “Off Iworoko Road”, ilé náà kò sí lójú ọ̀nà Ìwòròkò. Ó wà ní àdúgbò tó yà kúrò lára ọ̀nà náà. Ẹ má dúró sójú títì kí ẹ máa ka nọ́ńbà ilé. Orúkọ òpópónà tó yà wọlé ni kí ẹ béèrè, tí wọn ò bá kọ ọ́ sí i, ẹ pe oníbàárà kí ẹ tó gbéra. Irú rẹ̀ náà ni “off-campus” tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU mọ̀ dáadáa: ilé tó wà lẹ́yìn odi ọgbà, bí àwọn tó pọ̀ ní Ìwòròkò.

Ti owó ńkọ́? “30% off” lára aṣọ ₦10,000. Mo ti rí ẹni tó mú ₦3,000 lọ. Rárá o, ohun tó kúrò ni 30 yẹn, kì í ṣe ohun tó kù. ₦7,000 lẹ máa san. Tí ẹ bá sì rí “up to 70% off”, ẹ rọra. “Up to” ni kí ẹ kọ́kọ́ kà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ bàtà kan ṣoṣo, nọ́ńbà 46, ni wọ́n yọ ìdá 70 kúrò lórí owó rẹ̀.

“Off” kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an: “flag-off”. Ẹ dé iwájú Ekiti Parapo Pavilion lọ́jọ́ tí ayẹyẹ bá wà, ẹ ó rí i lára àsíá ńlá: flag-off ìpolongo ìbò, flag-off abẹ́rẹ́ àjẹsára, flag-off ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ ṣe. Níbi eré ìje, wọ́n máa ń ju àsíá kí àwọn tó ń díje tó kúrò lójú ìlà, a wá gbé e wọ inú ìṣèlú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, Oxford English Dictionary kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 wọlé, “flag-off” sì wà lára wọn pẹ̀lú “okada” àti “mama put”. Wọ́n mú “send-forth” náà. Ìyẹn ni ohun tí òyìnbó ń pè ní “send-off”, ayẹyẹ ìdágbére fún ẹni tó ń lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ọ́fíìsì wa, “send-forth” ló wọ́pọ̀, mo sì rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ ti gbọ́ “off” bíi “pa”, ṣé á fẹ́ kí wọ́n send òun off?

Ẹ má sì dà “run-off” pọ̀ mọ́ “rerun”. A mọ “rerun” dáadáa ní Èkìtì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, a tún ìbò gómìnà dì ní apá kan ìpínlẹ̀ yìí torí ilé ẹjọ́ ti fagi lé ti tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. “Run-off” ni ìbò kejì tí wọ́n máa ń dì láàárín àwọn tó léwájú tí ẹnikẹ́ni kò bá ní iye tí òfin béèrè. “Offside” àti “sent off” ti bọ́ọ̀lù, mi ò ní ṣàlàyé wọn. Ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ.

Ẹnì kan lè bi mí pé, báwo ni mo ṣe ń ṣe é báyìí? Mi ò há gbogbo rẹ̀ sórí, wọ́n ti pọ̀ jù. Ìbéèrè méjì ni mo ń bi ara mi: kí ló kúrò, kí ló sì kúrò lára rẹ̀? Tí mi ò bá rí ìdáhùn, mi ò ní kọ “Okay ma” mọ́. Mo máa ń tún un sọ padà láìlo “off” rárá. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, ohun tí mo máa kọ ni: “So the new ads start on Friday, and the four running now keep running. Correct, ma?” Kò lè gbà ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Oníbàárà mi tuntun máa ń ní mo béèrè ọ̀rọ̀ jù. Mo ní ẹ má bínú ma, mo sì ń béèrè lọ.

Ẹ fi èyí tó bá ti dà yín láàmú rí ránṣẹ́ sí mi, pàápàá tó bá ti fa wàhálà níbi iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, “by” la máa gbé yẹ̀ wò, torí arábìnrin kan láti Basírì béèrè pé tí wọ́n bá ní “submit by Friday”, ṣé ọjọ́ Ẹtì wà nínú ẹ̀ tàbí kò sí. Ó ní ìwé ìbéèrè fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì ká òun lára. Jẹ́ kí n lọ bẹ ẹ̀gbọ́n yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i nípa gẹ́ẹ̀nì wọn.